Orí Keje: Fèrèsé Tó Bàjẹ́, Àtúnṣe Rẹ̀ àti Pípààrọ̀ Rẹ̀

Ní ilé tí mo ń gbé ní Ìbàdàn, yàrá kan wà tí ògiri abẹ́ fèrèsé rẹ̀ kì í gbẹ láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá. Ọ̀dà ibẹ̀ ń wú, ó ń ṣí bí èèpo iṣu tí a ti sè jinná. Oníṣẹ́ alumíníọ́mù tó kọ́kọ́ wá wò ó ní sílíkóònù ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ti gbó. Ó ha á kúrò, ó fi tuntun sí i. Òjò kejì tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, omi tún wọlé. Ẹlòmíràn dé, ó ní kí n yọ fèrèsé náà dànù kí n ra òmíràn, owó tó sì pè kò kéré. Kí n tó san án, mo bu omi ife kan, mo rọra dà á sí ojú irin ìsàlẹ̀ tí gíláàsì ń rìn lórí rẹ̀, mo dúró, mo ń wò ó. Omi náà kò lọ síbì kankan. Ó dúró bí omi inú àwo, nígbà tó sì kún, inú yàrá ló ṣàn sí. Mo jáde lọ wo ẹ̀yìn fèrèsé. Bíríkìlà tó rẹ́ ògiri ti fi sìmẹ́ńtì dí àwọn ihò tóóró tó yẹ kí omi máa gbà jáde. Ìṣó kan àti nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi tún fèrèsé yẹn ṣe. Ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí, ògiri náà ṣì gbẹ.

Nítorí náà ni orí ìwé yìí kò ṣe ní bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òòlù tàbí ayùn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fèrèsé tó bàjẹ́, ẹ wádìí ohun tó bà á jẹ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ fèrèsé láìmọ ohun tó ba ti tẹ́lẹ̀ jẹ́, ohun kan náà yóò ba tuntun jẹ́ lójú rẹ̀.

Àwọn fèrèsé tó wà nílé wa

Ní agboolé àtijọ́, fèrèsé kò pọ̀. Ògiri amọ̀ nípọn, ihò tó wà lára rẹ̀ kéré, àgbàlá àárín ilé ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ń gbà wọ inú akọ̀dì àti yàrá. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà wá sí Èkó, Àgbádárìgì àti Porto-Novo ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún wà lára àwọn tó sọ fèrèsé gíga onípákó di ohun ẹ̀ṣọ́ lójú pópó. Ilojo Bar ní Èkó, tí wọ́n kọ́ ní 1855, tí ìjọba sọ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956, wà lára ilé bẹ́ẹ̀. Wọ́n wó o ní 2016, ó sì ṣì ń dùn mí, nítorí àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ì bá ti rí i kọ́ níbẹ̀ bí àwọn àgbà oníṣẹ́ ṣe ń ṣe é.

Lẹ́yìn pákó ni lúfà dé, èyí tí gíláàsì pẹlẹbẹ rẹ̀ tò léra wọn tí wọ́n sì ń yí pọ̀, lẹ́yìn lúfà ni fèrèsé alumíníọ́mù. Nínú alumíníọ́mù, síláídìn ni èyí tó ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, késìmẹ́ńtì ni èyí tó ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn. Ilé púpọ̀ ní ìlú wa ní ju irú kan lọ: pákó ní ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé, lúfà ní ilé ìwẹ̀, síláídìn ní pálọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ gbogbo wọn.

Ọ̀nà tí omi ń gbà

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Nínú iṣẹ́ tiwa, omi ni aláǹgbá yẹn, ó sì lè wọ ibi tí ewé bébà kò lè wọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí òjò ti ń wá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìjì ńlá ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti ti ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, láti ìlà oòrùn ló sábà máa ń gbéra lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Òjò wẹ́liwẹ̀li ti oṣù kẹfà àti oṣù keje ń bá atẹ́gùn òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Nígbà náà, bí fèrèsé ìlà oòrùn bá ń jò ní oṣù kẹrin tí kò jò rárá ní oṣù keje, ẹ ti mọ̀ pé agbára ìjì ló ń ti omi wọlé. Bí ó bá ń jò nínú gbogbo òjò, ibi kan ti là tàbí ibi kan ti dí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí àbàwọ́n wà. Àbàwọ́n orí fèrèsé, láti òkè wá sísàlẹ̀, kì í sábà ṣe ẹ̀bi fèrèsé. Ẹ lọ wo etí òrùlé, ẹ wo ojú ibi tí líńtẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ìtì tó gbé ògiri orí fèrèsé ró, àti bulọ́ọ̀kù ti pàdé. Àbàwọ́n ẹ̀gbẹ́ ń sọ nípa àlàfo tó wà láàárín férémù àti ògiri. Àbàwọ́n ìsàlẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù, ohun méjì ló sì sábà máa ń fà á: ihò omi tó dí, bíi ti ilé mi, tàbí pẹpẹ ìsàlẹ̀ fèrèsé tí bíríkìlà mọ láìjẹ́ kó dagun síta.

Pẹpẹ yẹn tó ohun tí a ń dúró sọ̀rọ̀ lé lórí. Ó yẹ kó rẹlẹ̀ síhà ìta, nǹkan bíi mílímítà 10 nínú gbogbo mílímítà 100, kí omi má bàa dúró lórí rẹ̀. Ó sì yẹ kí etí rẹ̀ yọ síta ju ògiri lọ, kí ìlà kan tó jìn wà lábẹ́ etí náà láti òpin kan dé èkejì. Kí ni ìlà yẹn wà fún? Ẹ mú ife omi, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ da omi inú rẹ̀. Ẹ ó rí i pé omi kì í já bọ́ tààrà. Ẹ̀yìn ife ló ń tẹ̀ lé lọ sísàlẹ̀. Bákan náà ni omi òjò ṣe ń tẹ̀ lé abẹ́ pẹpẹ padà sára ògiri. Nígbà tó bá dé ibi ìlà náà, kò rí ọ̀nà gòkè, ó di dandan kó kán sílẹ̀. Ìlà tí ìnira ṣíṣe rẹ̀ kò ju kí bíríkìlà fi irin tín-ín-rín tẹ sìmẹ́ńtì tútù lọ ń gba ògiri là fún ogún ọdún. Ó dùn mí pé ilé tuntun púpọ̀ kò ní i.

Bí ojú kò bá tètè rí ibi tí omi ń gbà, ẹ lo rọ́bà omi. Kí ẹnì kan wà nínú ilé pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, kí ẹnì kejì wà níta. Ẹni ìta yóò kọ́kọ́ da omi sí pẹpẹ ìsàlẹ̀ nìkan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò dúró, yóò gbéra lọ sí ìdajì férémù, lẹ́yìn náà orí rẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni o, torí pé bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo ìsàlẹ̀ yóò tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò sì ní mọ ibi tó jò.

Àmì kan wà tí kò jẹ mọ́ omi tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò dáadáa: ìlà lílà tó gùn dagun láti igun fèrèsé. Igun ihò ara ògiri ni ẹrù ilé ń kó ara jọ sí, níbẹ̀ ni ògiri ti kọ́kọ́ ń là bí ìpìlẹ̀ bá ń rì tàbí bí líńtẹ́ẹ̀lì kò bá wọ inú ògiri tó. Ó yẹ kí líńtẹ́ẹ̀lì wọnú ògiri tó mílímítà 150, ó kéré tán, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ìlà náà parí sí, ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá kọjá àmì náà láàárín oṣù díẹ̀, ẹ fi fèrèsé sílẹ̀, ẹ lọ pe ẹnjiníà. Gíláàsì tuntun kò lè wo ilé tó ń rìn sàn.

Fèrèsé pákó

Pákó ń mí. Nígbà òjò, ó ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mu, ó ń wú ní ìbú. Nígbà ọyẹ́, ó ń gbẹ, ó ń súnkì. Ní gígùn rẹ̀, ìyípadà yẹn kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí fèrèsé tó há gan-an ní oṣù keje fi ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ ní oṣù kìíní. Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ ni pé kí káfíńtà gbé ràndà ní àárín òjò, kó fá etí fèrèsé tó há. Ó ti ṣí lọ́jọ́ náà, inú onílé dùn. Tí ọyẹ́ bá dé, àlàfo tó lè gba ìka yóò wà níbẹ̀, eruku yóò máa wọlé, ẹ̀fọn yóò tẹ̀ lé e. Ẹ fi àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ pa etí tó há náà, ẹ ní sùúrù dìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó bá ṣì há nígbà tí pákó ti gbẹ, ìgbà náà ni kí ẹ fá a, kí ẹ sì kun ibi tí ẹ fá lọ́dà lọ́jọ́ kan náà. Ojú pákó tí a fá tí a kò kùn ni ẹnu tí yóò fi mu omi lọ́dún tó ń bọ̀.

Kì í ṣe gbogbo fèrèsé tó há ni pákó rẹ̀ wú. Ẹ kọ́kọ́ wo ìńjìsì. Bí súkúrù ìńjìsì òkè bá ti tú, gbogbo fèrèsé yóò fì síwájú, igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa họ férémù. Ẹ yọ súkúrù náà, ẹ gé ọparun tín-ín-rín, ẹ rì í sínú gọ́ọ̀mù káfíńtà, ẹ ki í bọ inú ihò tó ti gbòòrò títí yóò fi kún, ẹ gé orí rẹ̀ bá ojú pákó mu. Nígbà tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, ẹ dá súkúrù padà. Yóò di ibẹ̀ mú ṣinṣin.

Fún pákó tó jẹrà, ẹ mú súkúrù-dáfà, ẹ fi ọwọ́ tì í wọ pákó náà ní ìsàlẹ̀, ní igun àti ní ẹ̀yìn ìńjìsì. Pákó tó yè kò ní gbà kó wọlé. Bí ó bá wọlé bí ìgbà tí a ki ọ̀bẹ bọ àkàrà, ibẹ̀ ti kú. Ẹ gé ibi tó kú kúrò títí dé ibi tó yè, ẹ jẹ́ kí ojú tí ẹ gé náà dagun, kí òpin rẹ̀ ìta sì rẹlẹ̀ kí omi lè ṣàn síta. Ẹ gbẹ́ àbùlẹ̀ láti ara pákó kan náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù tí kì í bẹ̀rù omi lẹ̀ ẹ́, ẹ fi súkúrù dè é. Mo ti rí àbùlẹ̀ bẹ́ẹ̀ tó lo ọdún púpọ̀ láìsí wàhálà. Bí ìdajì férémù bá ti kú, ẹ má fi àbùlẹ̀ tan onílé jẹ.

Bí ikán ló fà á, ẹ ó rí ìlà amọ̀ tóóró lára ògiri. Ẹ tẹ̀ lé e dé ibi tó ti wá, ẹ tọ́jú ibẹ̀ kí ẹ tó fi pákó tuntun sí i. Ìrókò àti apá ń gbìyànjú níwájú ikán. Arère fúyẹ́, ó rọrùn láti gé, ṣùgbọ́n oúnjẹ ikán ni. Àwọn kan ń fi ọ́ìlì mọ́tò tó ti kú kun pákó. Ó ń lé ikán díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní májèlé, ọ̀dà kì í sì dúró lórí rẹ̀ mọ́. Èmi kì í lò ó nínú ilé tí ènìyàn ń sùn.

Ìkìlọ̀ kan nípa ọ̀dà àtijọ́: púpọ̀ nínú wọn ní òjé nínú, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má ṣe fi bébà yíyún yún un ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ kó gbogbo ìfọ́ rẹ̀ dànù, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

Lúfà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yọ lúfà kúrò nílé wọn báyìí bí ẹni ń bọ́ aṣọ tó ti pẹ́, wọ́n ń fi síláídìn rọ́pò rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ ṣírò ohun tí wọ́n ń sọnù. Lúfà tí a ṣí pátápátá ń jẹ́ kí atẹ́gùn gba bí ẹni pé gbogbo ihò náà ló ṣí. Síláídìn ojú méjì kò lè ṣí ju ìdajì lọ láéláé, torí ojú kan gbọ́dọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn èkejì. Ní ilé tí iná kì í dúró, tí fáànù kì í yí ní gbogbo òru, ìdajì atẹ́gùn kì í ṣe ohun kékeré. Lúfà tún ń gba atẹ́gùn wọlé nígbà tí òjò díẹ̀ ń rọ̀, bí a bá ṣí i ní ìdajì.

Àìlera rẹ̀ méjì ni pé kì í pa dé dáadáa, àti pé olè lè fa gíláàsì rẹ̀ yọ láti ìta láìpariwo. Fún ti àkọ́kọ́, kò sí àtúnṣe gidi. Ẹ má fi lúfà sí yàrá tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ amúlétutù sí. Fún ti èkejì, irin ìdènà ni.

Àtúnṣe lúfà rọrùn. Férémù ẹ̀gbẹ́ tó ń di gíláàsì mú ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní gálárì. Lórí rẹ̀ ni àwọn kílíípù wà, ètè kékeré kan sì wà lára kílíípù kọ̀ọ̀kan tó ń dí gíláàsì lọ́nà kó má bàa yọ́ jáde. Ẹ ṣí lúfà títí yóò fi tẹ́jú, ẹ rọra tẹ ètè náà sísàlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fa gíláàsì síta. Alumíníọ́mù kì í fẹ́ kí a tẹ̀ ẹ́ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, yóò kán, nítorí náà ẹ tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n tó tó, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gíláàsì lúfà sábà máa ń fẹ̀ ní íǹṣì 6. Gígùn rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n. Ẹ wọ̀n ọ́n láti inú kílíípù dé inú kílíípù, kì í ṣe láti ara ògiri. Èyí tó kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, ìjì kan ṣoṣo ni yóò gbé e sọlẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń gé gíláàsì pé kó yún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ọwọ́ ẹni tí yóò máa nù ún.

Bí ọwọ́ lúfà bá le, ẹ má fi tipátipá yí i. Ìyẹ̀fun ọyẹ́ àti ìpata ló kún ibi tí kílíípù ti ń yí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a, ẹ kán ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀.

Síláídìn

Ìtàn ilé mi ti sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù nípa síláídìn. Àwọn ihò omi ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí, ìta ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọjú sí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbé férémù sí òdìkejì, tí ihò omi kọjú sí pálọ̀, tí ojú irin tó ga tó yẹ kó wà nínú ilé wá bọ́ síta. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Kò sí sílíkóònù tó lè tún irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ ṣe. Yíyọ ni ẹ ó yọ ọ́, kí ẹ yí i padà.

Bí gíláàsì kò bá rìn dáadáa, ẹ kọ́kọ́ gbá ojú irin. Yanrìn níbẹ̀ ń jẹ rólà, àwọn kẹ̀kẹ́ kékeré tí gíláàsì fi ń rìn, bí ìyàwó ilé ṣe ń fi ọlọ lọ ata. Gírísì kò dára fún ibẹ̀, torí eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò di ẹrẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là pa á. Bí rólà bá ti jẹ tán, ẹ gbé ojú fèrèsé náà sókè sínú férémù òkè, ẹ fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sínú, yóò bọ́ jáde. Kí ènìyàn méjì gbé e: gíláàsì wúwo tó kílógíráàmù 2.5 fún mítà onígun mẹ́rin kan ní gbogbo mílímítà 1 tó bá nípọn, torí náà ojú kan tó fẹ̀ ní mítà 0.6, tó ga ní mítà 1.2, tí gíláàsì rẹ̀ nípọn ní mílímítà 5, wúwo tó kílógíráàmù 9 láìka alumíníọ́mù. Ẹ mú rólà tó kú lọ sọ́jà, kí ẹ ra irú rẹ̀ gan-an. Wọ́n jọra lójú, wọ́n kò dọ́gba ní gíga.

Létí òkun, ní Erékùṣù Èkó, Lẹ́kí àti Àgbádárìgì, ẹ máa wo ibi tí irin àti alumíníọ́mù ti fara kanra. Omi iyọ̀ ń sọ àwọn méjèèjì di bátìrì, alumíníọ́mù ló sì ń jẹ gbèsè náà: yóò máa hó funfun, yóò máa rún. Ẹ fi rọ́bà sáàárín wọn. Sìmẹ́ńtì tútù pẹ̀lú ń jẹ alumíníọ́mù. Ẹ má ya ọ̀rá tó bo férémù tuntun kúrò títí àwọn bíríkìlà yóò fi parí iṣẹ́.

Gíláàsì tó fọ́

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ, bàtà tó bo ẹsẹ̀ àti ìgò ojú. Ẹ lẹ téèpù ní ìbú àti òró mọ́ gíláàsì náà kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ìfọ́ rẹ̀ má bàa fò. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́, torí bí ẹ bá ti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ti òkè yóò já lé yín lọ́wọ́.

Bí ẹ bá ń gé gíláàsì tuntun fúnra yín, ẹ ri ẹnu ọ̀bẹ gíláàsì sínú kẹrosíìnì, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo láti òpin dé òpin, ẹ má padà sórí rẹ̀. Ìlà kejì ló ń mú kó fọ́ síbi tí a kò fẹ́. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná le, irú èyí tó ń fọ́ wẹ́wẹ́ bíi ti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, kò ṣeé gé rárá.

Ẹ jẹ́ kí gíláàsì fi nǹkan bíi mílímítà 3 kéré sí àyè rẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń bi mí léèrè pé kí nìdí tí a kò fi ní gé e kó há gádígádí. Ẹ ṣírò rẹ̀: bí oòrùn ọ̀sán bá mú férémù alumíníọ́mù tó gùn ní mítà 1.2 gbóná sí i ní ìwọ̀n 30 sẹ́ńtígíréédì, yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mílímítà 0.8. Gíláàsì tó gùn bákan náà yóò gùn sí i ní nǹkan bíi 0.3 péré. Wọn kì í rìn pọ̀. Rọ́bà àti àlàfo kékeré yẹn ló ń parí ìjà wọn.

Nẹ́ẹ̀tì àti irin

Láti 1897 tí dókítà Ronald Ross ti fi hàn pé ẹ̀fọn ló ń gbé kòkòrò ibà, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ti kúrò ní ọ̀ṣọ́. Ihò rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílímítà 1.2 lọ. Ihò kan tó tó ìka nínú nẹ́ẹ̀tì tó dára ti sọ gbogbo rẹ̀ di asán. Ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú náílóònù rán àbùlẹ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ tí ẹ bá rí i.

Irin ìdènà olè, tí à ń pè ní bọ́gúlárì, ń dípata láti ibi tó ti wọ ògiri. Ìpata ń gba àyè ju irin tó ti ara rẹ̀ wá lọ, nítorí náà yóò máa ti ògiri, yóò là á, nígbà mìíràn yóò fọ́ gíláàsì. Ẹ ha ìpata kúrò dé ibi tí irin ti ń tàn, ẹ kùn ún ní rẹ́dì-ọ́sáìdì, kí ó gbẹ, kí ẹ tó kun ọ̀dà òkè.

Èyí tó kàn yìí, mo bẹ̀ yín, ẹ má fò ó. Irin tí a jó pa mọ́ gbogbo fèrèsé ilé kò mọ ìyàtọ̀ láàárín olè tó fẹ́ wọlé àti ọmọ tó fẹ́ sá jáde nígbà tí iná bá ń jó. Bí iná bá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, fèrèsé nìkan ló kù. Nínú gbogbo yàrá tí ènìyàn ń sùn, ó kéré tán, irin fèrèsé kan gbọ́dọ̀ ní ìńjìsì kó sì lè ṣí láti inú. Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó kan nítòsí fèrèsé náà, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè nawọ́ dé, tí ọwọ́ ẹni ìta kò lè dé. Kí gbogbo ará ilé ti ṣí i rí nínú òkùnkùn. Nígbàkigbà tí onílé bá pè yín wá tún fèrèsé ṣe, ẹ wo èyí, ẹ sọ fún un, bí kò tilẹ̀ bi yín. Wẹ́dà lè gé irin tó wà nílẹ̀ kó sì fi ìńjìsì sí i láàárín ọ̀sán kan.

Bí pípààrọ̀ bá di dandan

Ká ní ẹ ti wádìí, férémù sì ti kọjá àtúnṣe. Ẹ wọ̀n ìbú ihò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lókè, láàárín àti nísàlẹ̀. Ẹ wọ̀n gíga rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta bákan náà. Ẹ mú èyí tó kéré jù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ mílímítà 10 kúrò, márùn-ún fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ìbú bá jẹ́ 1198, 1204 àti 1195, 1195 ni ẹ ó mú, férémù yóò sì fẹ̀ ní 1185. Ẹ wọ̀n láti igun dé igun tó dojú kọ ọ́ pẹ̀lú. Ihò tó jẹ́ 1200 ní ìbú àti 1200 ní gíga yẹ kó fún yín ní nǹkan bíi 1697 lọ́nà méjèèjì. Bí méjèèjì bá fi púpọ̀ yàtọ̀ síra, ihò náà wọ́, ẹ ó sì ní láti tún ògiri rẹ́ kí ẹ tó pàṣẹ férémù. Ẹ má wọ̀n férémù àtijọ́ kí ẹ fi pàṣẹ tuntun, torí ó lè jẹ́ pé òun gan-an ló wọ́.

Ẹ yọ ti àtijọ́ láìfi òòlù lu ògiri. Ẹ gé súkúrù tàbí irin tó dì í mú, ẹ gé férémù náà sí méjì, ẹ fà á sínú. Ẹ gbé tuntun sí i lórí àwọn pákó pẹlẹbẹ kéékèèké, ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì wò ó ní ìbú àti òró kí ẹ tó lu ihò kankan. Fíṣà, ìyẹn rọ́bà tí a ń kì bọ ihò ògiri, àti súkúrù ni kí ẹ fi dè é. Ẹ má fún súkúrù jù, férémù yóò tẹ̀ sínú, gíláàsì kò sì ní rìn. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìgbà náà ni kí ẹ fi sílíkóònù dí àlàfo ẹ̀gbẹ́ àti òkè, lórí ojú tó mọ́ tó sì gbẹ. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù fún sílíkóònù, sìmẹ́ńtì 1 sí yanrìn 4 ni kí ẹ fi dí i, kí ẹ sì máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mélòó kan kó má bàa sán. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ẹ bu omi ife kan, ẹ dà á sí ojú irin ìsàlẹ̀, kí ẹ jáde lọ wò ó bóyá ó ń kán síta.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ yan fèrèsé mẹ́ta nílé yín tàbí nílé ẹ̀kọ́ yín. Ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú sí, ibi tí àbàwọ́n wà lára ògiri rẹ̀, àti oṣù tí ó máa ń jò. Kí ni ẹ rò pé ó fà á?

2. Ìyá kan ní fèrèsé pákó òun kì í ṣí mọ́ láti oṣù kẹfà. Káfíńtà ti gbé ràndà dé. Ìbéèrè mélòó ni ẹ ó bi ìyá yẹn kí káfíńtà tó fá a, kí sì ni wọ́n?

3. Ihò fèrèsé kan ní ìbú 898, 905 àti 901, gíga 1210, 1203 àti 1206, ní mílímítà. Báwo ni férémù tí ẹ ó pàṣẹ yóò ṣe tóbi tó? Bí gíláàsì rẹ̀ bá nípọn ní mílímítà 5, tó sì gba mítà onígun mẹ́rin kan géérégé, kílógíráàmù mélòó ni yóò wúwo?

4. Lálẹ́ òní, kí ẹ tó sùn, ẹ ka iye fèrèsé tó ní irin nínú ilé yín. Mélòó nínú wọn ló ń ṣí láti inú? Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wọn wà?